Fíìmù Ọgọ́rùn-ún Lọ́jọ́ Òjò

Ẹ ń fi mí rẹ́rìn-ín, mo rí yín. Ẹ gbé fóònù sókè pé ẹ fẹ́ ya bàbá yín ní fọ́tò, mo sì di èémí mú, mo na ọrùn, mo gbójú ró bí ẹni tí wọ́n fẹ́ gún lábẹ́rẹ́. Kí n tó mí, ẹ ti yà mí lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ sì ti pa èyí tó pọ̀ jù rẹ́. Mi ò bínú. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Dídi èémí mú yẹn wà lára àkísà tèmi. Ẹ fa àga yín súnmọ́ mi, kí ẹ gbọ́ bó ṣe di tèmi.

Kí Mowe yìí tó di ibi tí ilé ń fara kan ilé, mo ní ṣọ́ọ̀bù fọ́tò kan létí títì márosẹ̀. Ifọ̀ ni mo ti kọ́ṣẹ́, lọ́dọ̀ ọ̀gá kan tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí ojú irin. Bí rélùwéè bá ti ń bọ̀, ilẹ̀ á máa gbọ̀n, àwọn fọ́tò tí a gbé kọ́ ara ògiri á máa jó, ọ̀gá mi á sì ní kí a dúró. A kò ní ya ẹnikẹ́ni títí ọkọ̀ náà yóò fi kọjá, nítorí bí kámẹ́rà bá gbọ̀n, ojú oníbàárà á di méjì. Títí di òní, bí mo bá gbọ́ fèrè rélùwéè, ọwọ́ mi á kọ́kọ́ dúró ná.

Iṣẹ́ tó ń mówó wá fún wa nígbà yẹn ni iṣẹ́ ìrìn àjò. Ẹni tó ń rìnrìn àjò kì í ní kámẹ́rà tirẹ̀. Àwa ni wọ́n ń mú dání. Bí ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ bá fẹ́ lọ gun òkè Olúmọ, bí àwọn ọ̀dọ́ ìjọ bá fẹ́ lọ wo omi tó ń já láti orí àpáta, bí ìdílé kan bá ń relé ṣe Iléyá, wọ́n á fi àyè kan sílẹ̀ fún ayàwòrán nínú ọkọ̀. Iṣẹ́ ò sì bẹ̀rẹ̀ níbi tí a ń lọ. Ilé ló ti ń bẹ̀rẹ̀, nígbà tí mo bá dúró síwájú ilé, tí mò ń wo ojú ọ̀run, tí mò ń ro fíìmù tí n ó mú.

Ẹ̀yin ò mọ fíìmù, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀. Nọ́ńbà máa ń wà lára páálí rẹ̀. Àwa a máa pè wọ́n ní ọgọ́rùn-ún, igba àti irinwó. Ọgọ́rùn-ún lọ́ra. Oòrùn ni oúnjẹ rẹ̀. Bí ó bá rí oòrùn jẹ yó, fọ́tò rẹ̀ á jọ̀lọ̀, wàá rí ojú abẹ́rẹ́ lára aṣọ àti irun ìpéǹpéjú ọmọ tuntun. Ṣùgbọ́n bí o bá gbé e wọ inú ilé tó ṣókùnkùn, àfi kí o la ojú kámẹ́rà sílẹ̀ fún un kó máa mu ìmọ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ẹni tí ò ń yà kò sì gbọdọ̀ mira. Irinwó yára ní tirẹ̀. Abẹ́ igi, inú ṣọ́ọ̀ṣì, ọjọ́ tí ojú ọ̀run ṣú, kò sí èyí tí kò lè ṣe. Àléébù rẹ̀ ni pé bí o bá fẹ fọ́tò náà tóbi, á máa hu èérún bí gààrí tí wọn ò kù dáadáa. Igba wà láàárín àwọn méjèèjì. Èyí tí o bá sì ti fi síkùn kámẹ́rà, òun lẹ jọ ń lọ títí yóò fi tán. Bí o bá ṣí i lójú ọ̀nà, ìmọ́lẹ̀ á wọlé, gbogbo ohun tí o ti yà á di òfo.

Àṣìṣe kékeré a sì máa dójú ti èèyàn. Ẹnì kan tí a jọ kọ́ṣẹ́ lọ ya alhájì kan lọ́jọ́ Iléyá, òun àti àgbò rẹ̀ tí wọ́n fi làálì kùn lórí. Ó yà á síwájú, ó yà á sẹ́yìn, kò mọ̀ pé fíìmù kò kọ́ eyín tó ń fà á nínú kámẹ́rà, kámẹ́rà kàn ń dún lásán ni. Ìgbà tí wọ́n ní kó wá tún un yà, àgbò ti wà nínú ìkòkò.

Èyí tí mo fẹ́ sọ gan-an kò ní ẹ̀rín nínú.

Rẹ̀bẹ́kà ni orúkọ obìnrin tí ọ̀rọ̀ kàn. Télọ̀ ni, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí tèmi. Ọjọ́ tó ṣáájú èyí tó wá bá mi ni mo tẹ̀lé ẹgbẹ́ àwọn télọ̀ lọ sí Abẹ́òkúta. Òun kò lè bá wa lọ nítorí ara ìyá rẹ̀ kò yá. Fíìmù méjì ni mo mú lọ. Irinwó ni mo lò nínú ihò àpáta Olúmọ, ó sì tán síbẹ̀. Ọgọ́rùn-ún ni mo lò lórí òkè nínú oòrùn, òun ló ṣì wà nínú kámẹ́rà, ó ku fọ́tò mẹ́ta kó tán. Mò ń nu eruku kúrò lára àpò mi láàárọ̀ nígbà tí Rẹ̀bẹ́kà wọlé, gèlè lọ́wọ́, kò ráyè wé e.

Ó ní, “Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé kámẹ́rà yín. Màmá mi ń lọ.”

Mo ní, “Wọ́n ń lọ síbo?”

Ojú rẹ̀ ni mo wò tí mo fi mọ ibi tí ìyá ń lọ.

Oòrùn ń ràn ní Mowe nígbà tí a wọkọ̀. Èmi fúnra mi sọ lọ́kàn pé ọgọ́rùn-ún tó, a ó gbé ìyá sí ìta, ó parí. Nígbà tí a fi máa sọ̀ ní Ibafo, ojú ọ̀run níhà odò ti dúdú bí ìdí ìkòkò. A gun ọ̀kadà, nítorí abúlé wọn wà nínú lọ́hùn-ún, lẹ́yìn ilẹ̀ àbàtà, níbi tí ilé alájà wà báyìí. Orí ọ̀kadà yẹn ni Rẹ̀bẹ́kà ti ń sọ ọ̀rọ̀ sí mi létí, afẹ́fẹ́ ń gba ìdajì rẹ̀ lọ.

Ràbíátù ni bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Ìgbà tó lọ kọ́ iṣẹ́ télọ̀ ní Èkó ló wọ ìjọ, tó di Rẹ̀bẹ́kà. Bàbá rẹ̀ kò bá a jà. Ó ní kó ṣáà máa wálé. Ọjọ́ tí bàbá kú, Rẹ̀bẹ́kà wà nírìn àjò. Ìgbà tó máa fi dé, wọ́n ti sin ín. Ó ní, “Yanrìn tútù ni mo bá, Bọ̀ọ̀dá. Mi ò rí ojú bàbá mi. Kò sì ní fọ́tò kankan láyé yìí tí mo lè wò. Ẹ̀gbọ́n mi Múnírá ló ní kí wọ́n má dúró dè mí.” Láti ọjọ́ náà, òun àti Múnírá kì í kí ara wọn. Bí ọ̀kan bá wá tọ́jú ìyá, èkejì á lọ.

Òjò dé bá wa lórí afárá pákó kan. Òjò kò bá ẹnìkan ṣọ̀tá, ẹni eji bá rí leji ń pa. Mo fi ara bo àpò kámẹ́rà, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́ àyà. Kámẹ́rà kò rẹ, ọpẹ́ ni. Ṣùgbọ́n fíláàṣì wà nínú àpò ẹ̀gbẹ́, omi sì ti dénú rẹ̀. Ìgbà tí a dé abẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo tàn án, mò ń retí ohùn tín-ín-rín tó máa ń ké bí ẹ̀fọn kó tó mọ́lẹ̀. Mi ò gbọ́ nǹkan kan. Mo pààrọ̀ bátìrì. Kò fọhùn. Mo dá a padà sínú àpò.

Múnírá jáde sí ẹnu ọ̀nà. Obìnrin gíga ni, ó lọ́ ìborùn mọ́rí. Ó kí mi dáadáa, kò wo àbúrò rẹ̀. Ó ní, “Ẹ kú ìrìn òjò o. Kí lẹ bá wá?”

Rẹ̀bẹ́kà ló dáhùn, ó kúnlẹ̀ lórí ọ̀rúnkún kan bó ti ń sọ ọ́. “Fọ́tò ni wọ́n fẹ́ ya Màmá.”

“Ẹni tó ń wá èémí lo fẹ́ fi ṣe fọ́tò?”

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́. Ojú bàbá lọ mọ́ mi lọ́wọ́. Ti Màmá kò ní lọ bẹ́ẹ̀.”

Múnírá kò kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Bí wọ́n ṣe dúró nìyẹn, òjò ń rọ lórí pánù, èmi wà láàárín wọn pẹ̀lú kámẹ́rà nínú ọwọ́ mi. Mo ti ń rò ó pé kí n padà sẹ́yìn, nígbà tí ohùn kan wá láti inú yàrá, ohùn kékeré bí ẹni tí ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ aṣọ. “Múnírá, jẹ́ kí ọmọ mi wọlé.”

Yàrá náà ṣú. Fèrèsé kan ṣoṣo ló ní, kò tóbi ju ìdérí àpótí lọ. Ìyá wà lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n fi ìrọ̀rí gbé e ró, àyà rẹ̀ ń lọ sókè sódò. Mo wo abẹ́rẹ́ tó ń ka ìmọ́lẹ̀ inú kámẹ́rà mi, kò tilẹ̀ kúrò nílẹ̀. Ká ní irinwó ni mo ní lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ ì bá dẹrùn díẹ̀. Mo sọ òótọ́ fún wọn. Mo ní fíìmù tó wà lọ́wọ́ mi, oòrùn ló ń fẹ́.

Rẹ̀bẹ́kà ní, “Ẹ jẹ́ ká gbé wọn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.”

Múnírá ní, “Kí òtútù lè pa wọ́n kíá, kó o lè máa lọ?”

Mo ní kí a má gbé wọn síbì kankan. Kí a ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu, kí a yí bẹ́ẹ̀dì kó kọjú sí i. Wọ́n yí i, ọ̀kan lórí, ọ̀kan lẹ́sẹ̀. Mo da odó kan dojú bolẹ̀ níwájú bẹ́ẹ̀dì, mo gbé kámẹ́rà lé ìdí rẹ̀ kí ó má bàa gbọ̀n. Mo wá ní kí Rẹ̀bẹ́kà àti Múnírá sún sẹ́yìn, kí n kọ́kọ́ ya ìyá nìkan.

Ìyá gbọn orí. Ó ní, “Ẹ ò ní ya èmi nìkan. Èmi àti àwọn ọmọ mi ni. Bí ọ̀kan ò bá sí níbẹ̀, ẹ gbé ẹ̀rọ yín lọ.”

Kò sí ẹni tó lè bá a jiyàn. Múnírá jókòó lápá ọ̀tún, Rẹ̀bẹ́kà jókòó lápá òsì, kálukú wọn wo ọ̀nà tirẹ̀. Ìyá kò lè dá jókòó, nítorí náà kálukú ní láti na apá gba ẹ̀yìn rẹ̀ mú. Mo ṣàlàyé fún wọn pé kámẹ́rà máa dún lẹ́ẹ̀kan, ojú rẹ̀ á là, yóò wà bẹ́ẹ̀ títí yóò fi dún lẹ́ẹ̀kejì. Láàárín ohùn méjèèjì, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mí.

Mo tẹ̀ ẹ́. Ó dún kà. Mò ń kà á nínú ikùn mi, nígbà tí Múnírá já apá rẹ̀ gbà lójijì. “Má fọwọ́ kàn mí.” Ọwọ́ àbúrò rẹ̀ ló bá tirẹ̀ lẹ́yìn ìyá. Mo pa ojú kámẹ́rà dé. Fọ́tò kan ti lọ.

Ni ọ̀rọ̀ bá dà sílẹ̀. Rẹ̀bẹ́kà ní, “Ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n sin ín. Ẹ mọ̀ pé mò ń bọ̀.”

Múnírá yíjú sí i, ó jọ pé ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láti ọdún wọ̀nyí. Ó ní, “Mo ránṣẹ́ sí ọ, wọ́n bá ṣọ́ọ̀bù rẹ ní títì. Wọ́n tún padà lọ. Ara bàbá ti ń wú, Ràbí. Àwọn àáfà ń bi mí pé kí ni mò ń dúró dè, mi ò mọ ọ̀nà tó o wà. Èmi nìkan ni mo fi ọwọ́ mi pa ojú wọn dé. Ṣé o rò pé mi ò wá ẹni tí á dúró tì mí?”

Rẹ̀bẹ́kà wo ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó hàn gbangba pé kò gbọ́ èyí rí. Ahọ́n àti eyín a máa jà, ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì yìí kò tíì jà rí. Wọ́n kàn dákẹ́ síra wọn ni.

Ìyá ní, “Ẹ ti parí?”

Mo ti rí i pé ìmọ́lẹ̀ tún ń dín kù. Mo wí fún wọn pé kí wọ́n gbà mí gbọ́, àyè ń lọ. Wọ́n tún na apá. Mo tẹ kámẹ́rà. Ohùn àkọ́kọ́ dún, gbogbo wa di èémí mú, mo sì ń retí kó tó, nígbà tí orí ìyá rọra tẹ̀ síwájú, tó wọlẹ̀ sí àyà rẹ̀.

Mo pa ojú kámẹ́rà dé, mi ò mọ ìgbà tí mo kúrò nídìí odó. Múnírá ń pe “Màmá, Màmá,” ohùn rẹ̀ ti di ti ọmọdé. Rẹ̀bẹ́kà gbé etí lé àyà ìyá rẹ̀. Èmi dúró lójú kan, mò ń rò ó pé bóyá jíjókòó ró yìí ló pa á.

Rẹ̀bẹ́kà ní, “Wọ́n ń mí.”

Ìyá la ojú. Ó wo ọ̀kan, ó wo èkejì. Ó ní, “Mo ṣì wà níbí. Ó rẹ̀ mí ni. Ṣé ẹ ti yà á?”

Ẹ̀yin ọmọ mi, ọ̀kan ló kù. Lóde òní, ẹ ó ní kí a tún un yà, a ó sì tún un yà títí ilẹ̀ á fi ṣú. Nígbà yẹn, òpin fíìmù ni òpin fíìmù. Mo nu gíláàsì kámẹ́rà pẹ̀lú etí bùbá mi. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Mo sọ fún ara mi pé n ó dúró títí wọn yóò fi gbá ara jọ, bí ilẹ̀ fẹ́ ṣú kó ṣú.

Mi ò sọ fún wọn bí wọ́n ṣe máa jókòó mọ́. Àwọn fúnra wọn ló ṣe é. Ìyá ti wúwo, agbára rẹ̀ ti tán, ọwọ́ kan lápá kan kò gbé e dúró mọ́. Múnírá na ọwọ́ gba ẹ̀yìn ìyá kọjá, ó di ọrùn ọwọ́ àbúrò rẹ̀ mú. Rẹ̀bẹ́kà náà di tirẹ̀ mú. Wọ́n so ọwọ́ bí àwọn tó fẹ́ gbé ẹrù wúwo, wọ́n sì fi orí ti orí ìyá láti ọ̀tún láti òsì, kó má bàa tún tẹ̀.

Mo ní, “Ó yá. Ẹ di èémí mú.”

Èmi náà di tèmi. Ó dún kà. Mò ń wò wọ́n, kò sí ìpéǹpéjú kan tó ṣẹ́. Omijé kan ń bọ̀ lójú Múnírá, kò nù ún. Mo jẹ́ kó pẹ́. Mo jẹ́ kó pẹ́ ju bó ti yẹ lọ díẹ̀, nítorí mi ò gbẹ́kẹ̀ lé ìmọ́lẹ̀ yẹn. Kà. Mo fẹ́ fa fíìmù síwájú, kò lọ mọ́. Ó ti tán.

Mo gbé fíìmù náà lọ sí láàbù tí wọ́n ti ń fọ fíìmù ní Èkó fúnra mi. Mi ò rán ẹnikẹ́ni. Mo jókòó lórí bẹ́ǹṣì wọn bí ọkọ tí ìyàwó rẹ̀ ń rọbí. Ìgbà tí wọ́n gbé nẹ́gátíìfù jáde, mo gbé e sókè sójú fèrèsé. Àwọn télọ̀ wà níbẹ̀ lórí Olúmọ, wọ́n dára. Àkọ́kọ́ nínú ti ìyá, kìkì kùrukùru. Èkejì, orí ìyá ti di òjìji. Ẹ̀kẹta fẹ́lẹ́, kò rí ìmọ́lẹ̀ jẹ yó, ó fẹ́lẹ́ débi pé ẹ̀rù bà mí, ṣùgbọ́n ojú mẹ́ta wà nínú rẹ̀. Mo bẹ ẹni tó ń tẹ fọ́tò pé kó fara balẹ̀ sí i. Ó tẹ̀ ẹ́, ó tún un tẹ̀. Ìgbà tó yá, ó nà án sí mi. Òkùnkùn yí wọn ká, ojú wọn sì mọ́ láàárín rẹ̀, tónítóní. Ọgọ́rùn-ún kì í fi nǹkan kan pamọ́. Mo rí gbogbo ìlà tó wà níwájú orí ìyá.

Mo ní kí wọ́n tẹ méjì. Rẹ̀bẹ́kà kò sí ní ṣọ́ọ̀bù nígbà tí mo dé Mowe, nítorí náà mo kọjá lọ sí abúlé. Bí mo ti sọ̀ lórí ọ̀kadà, mo rí bẹ́ǹṣì lábẹ́ igi, mo rí ẹní tí wọ́n tẹ́. Mo mọ̀ pé mo ti pẹ́. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló wà lọ́kàn mi, bóyá Rẹ̀bẹ́kà rí ojú ìyá rẹ̀ kí wọ́n tó sin ín, ẹ̀rù sì ń bà mí láti béèrè.

Ìyá àgbà aládùúgbò kan ló sọ fún mi kí n tó bi í. Ó ní àná ni, lẹ́yìn ìrun àárọ̀. Múnírá rán ọ̀kadà sí Mowe, wọ́n ní Rẹ̀bẹ́kà ti lọ ra aṣọ ní Ìbàdàn. Wọ́n wẹ ìyá, wọ́n di í ní aṣọ, wọ́n gbẹ́ ilẹ̀. Ọ̀sán pọ́n. Àwọn àáfà ní kí wọ́n gbé e. Múnírá kó ẹní, ó tẹ́ ẹ sí ẹnu ọ̀nà yàrá, ó jókòó lé e. Wọ́n ní òkú kì í dúró. Ó ní èyí máa dúró. Wọ́n bẹ̀ ẹ́, àwọn mìíràn bú u, wọ́n ní òun tó yẹ kó mọ òfin. Ó ní òun mọ òfin, oòrùn kò tíì wọ̀. Oòrùn ti fẹ́ kan orí igi nígbà tí Rẹ̀bẹ́kà sáré wọ agbo ilé láìsí bàtà lẹ́sẹ̀. Múnírá dìde lórí ẹní, ó jẹ́ kó wọlé, ó fa ilẹ̀kùn dé mọ́ àwọn méjèèjì.

Mo bá wọn lẹ́yìn ilé, wọ́n jókòó lórí àpótí. Mo kí wọn kú ará fẹ́ra kù, mo na fọ́tò sí wọn. Wọ́n jọ mú un, wọ́n wò ó pẹ́. Múnírá fi ìka tọ ojú ìyá rẹ̀, kò fọwọ́ kàn án.

Ó ní, “Wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Mi ò mọ̀ pé wọ́n ń rẹ́rìn-ín.”

Èmi náà kò mọ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni mo ti wo fọ́tò yẹn ní láàbù, ìlà iwájú orí ni mò ń wò.

Wọ́n pe ìrun Alaásárì ní mọ́ṣáláṣí abúlé. Múnírá fẹ́ dìde, ara rẹ̀ wúwo bí ti ẹni tí kò sùn. Rẹ̀bẹ́kà fi ọwọ́ dá a dúró. Ó lọ sídìí kànga, ó pọn omi sínú búútà, ó gbé e wá, ó kúnlẹ̀, ó sì ń dà á díẹ̀díẹ̀ sí ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, bí Múnírá ti ń ṣe àlùwàlá.

Múnírá ní, “Rọra dà á, Ràbí. Ó tutù.”

Ó ní, “Ẹ má bínú, Ẹ̀gbọ́n mi,” ó sì rọra dà á.